Tábìlì Elégédé Ẹ̀bá Ọ̀nà

Harpers Ferry,
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹsàn-án.

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú iṣẹ́ oko. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún yẹn ò dà yín láàmú mọ́? Lydiann àbúrò mi ńkọ́? Mo mọ̀ pé ìwé mi á yà yín lẹ́nu. Láti ọjọ́ tí ìjọ ti yọ mí lẹ́gbẹ́ torí pé mo fẹ́ Wade tó jẹ́ ará ìta, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ kọ̀wé sí mi, ìyẹn náà ò kún ojú ìwé kan. Mi ò bínú. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ ti dìyá àgbà o. Obìnrin ni. Wade ló sọ ọ́ ní Delia. Eyín ti yọ nísàlẹ̀, kò tíì rìn, àmọ́ ó máa ń di nǹkan mú dìde. Iwájú orí yín ló gbé wá.

A ò sí nílé báyìí. Wade ra mọ́tò-ilé kan, irú èyí tí bẹ́ẹ̀dì àti ibi ìdáná wà nínú ẹ̀. Inú ẹ̀ làwa mẹ́ta wà látìgbà tá a ti kúrò ní Tennessee. Ó lóun fẹ́ wo ewé tó ń pọ́n ní ìgbà ìwọ́wé yìí, kóun rí gbogbo ibi tí wọ́n ti jagun láyé àtijọ́, lẹ́yìn náà ká wá sọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún kóun rí bí ẹ̀yin Amish tẹ́ ẹ ń fi ẹṣin rìn ṣe ń gbé. Mo ní, "Wade, èèyàn ni wọ́n, wọn kì í ṣe ewé." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èmi ṣáà fẹ́ wò ni. Ta ló ní n fẹ́ já wọn?"

Ibí dáa. Odò méjì ló pàdé nísàlẹ̀ òkè, àwọn èèyàn ń ya fọ́tò ẹ̀. Èmi ò tíì débẹ̀. Láti ìta ni wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́tò yìí. Tí Wade bá fẹ́ lọ ra bíà, á ti èmi àti ọmọ mọ́bẹ̀, á ní torí olè ni. Mi ò tíì rí olè kankan o.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, ṣé mo lè yà? Mo mọ̀ pé a ò lè jọ jẹun lórí tábìlì kan. Mo mọ̀ pé ẹ ò lè gba nǹkan lọ́wọ́ mi. Kí n ṣáà jókòó sórí àtẹ̀gùn, kẹ́ ẹ rí Delia. Ẹ kọ̀wé sí mi sí pósí-ọ́fíìsì Gettysburg, wọ́n á bá mi tọ́jú ẹ títí n óò fi wá gbà á. Orúkọ tèmi nìkan ni kẹ́ ẹ kọ sí i, ẹ má kọ ti Wade.

Ọmọ yín,
Suvilla.


Pequea,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹsàn-án.

Suvilla ọmọ mi,

Mo kí ọ ní orúkọ Olúwa wa. Òjò rọ̀ níbí lánàá, kò pọ̀. A ti kó àgbàdo wọlé tán. Orúnkún mi ń ṣe bó ṣe ń ṣe. Ìwé rẹ dé. Ọwọ́ apínlẹ́tà ni mo ti gbà á, kì í ṣe ọwọ́ rẹ, nítorí náà mo kà á.

Kí Ọlọ́run dá ọmọ náà sí. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ orúkọ yẹn rí nínú ìdílé wa.

Mo gbọ́ pé ẹ ń gbádùn. Ilé tó ń rìn, ẹ jókòó sínú rẹ̀, ẹ ń wo ewé. Bàbá rẹ ṣiṣẹ́ títí ó fi kú, kò rí òkun rí, kò sì bèèrè rẹ̀. Ewé ń pọ́n níbí náà. Àwa ń gbá a ni.

Sẹ́lẹ́rì, ewébẹ̀ tí a fi ń se àsè ìgbéyàwó, ló kún gbogbo ẹ̀yìn ilé. Ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà kọjá ti mọ̀ pé ilé yìí ń múra ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n a kì í sọ ọ́ lẹ́nu. Lydiann àti Gideon ni. Lẹ́yìn Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ni wọn óò kéde wọn nínú ìjọ, ìyẹn ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù tó ń bọ̀. O sì mọ òfin wa. Bí ẹnì kan bá ní ohun kan nínú sí ẹnì kejì, kò ní sí Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Bí kò bá sí i, kò sí ìkéde. Díákónì Aquilla ti ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń bèèrè bóyá àlàáfíà wà.

Nítorí náà, má wá kí ọjọ́ náà tó kọjá. Má jẹ́ kí ọkùnrin yẹn gbé mọ́tò rẹ̀ wọ inú àgbàlá mi, kí wọ́n má sọ pé opó Riehl ń gba ẹni tí ìjọ yọ. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, wá, kí o kúnlẹ̀ níwájú ìjọ. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, ọwọ́ òsì la fi ń fà á mọ́ra. Mo ti ń ro bí a óò ṣe jọ jẹun títí ìjọ á fi gbà ọ́ padà. Mo lè ti tábìlì méjì sún mọ́ra, kí àlàfo ìka kan wà láàárín, kí n tẹ́ aṣọ kan bò ó. Ìwọ á jókòó sí ọ̀kan, èmi á jókòó sí èkejì. Ojú ò ní rí àlàfo náà.

Wọ ìbọ̀sẹ̀ fún ọmọ.

Ìyá rẹ,
Fronie Riehl.


Gettysburg,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹwàá.

Màmá mi,

Ẹ ṣé tẹ́ ẹ dá mi lóhùn. Balùwẹ̀ ọgbà tá a gbé mọ́tò sí ni mo ti kà á, mo wá ká ìwé yẹn sínú nápkìn Delia, torí Wade kì í pààrọ̀ nápkìn.

Màmá, a ò gbádùn o. Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ èyí. Kíláàsì kẹjọ náà ni mo kà mọ, ẹ mọ̀, wọn ò sì kọ́ wa nírú lẹ́tà báyìí níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Pápá gbọrọ ni Gettysburg yìí. Wọ́n to àgbá ogun síbẹ̀, wọ́n fi òkúta kọ orúkọ àwọn tó kú. Wade á dúró nídìí òkúta kọ̀ọ̀kan, á máa kà á sókè bíi pásítọ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gan-an. Delia bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Ó ní, "Pa á lẹ́nu mọ́."

Mo ní, "Òtútù ló ń mú un, Wade. Jẹ́ ká lọ."

Ó ní, "Àwọn ọmọ ọkùnrin kú síbí bí eṣú, wọn ò pariwo tó yẹn. Tìẹ ò lè dákẹ́ ká ka òkúta kan."

Àwọn kan wà nítòsí tí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Mo ń wò ó bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, mo ti mọ̀ pé kò tíì parí. A wọnú mọ́tò, ó tilẹ̀kùn, ó já ọmọ gbà lápá mi, ó sì mì ín, Màmá. Ó mì ín bí wọ́n ṣe ń mi igi ápù. Orí ẹ̀ ń lọ síwá, ó ń lọ sẹ́yìn. Mo dì mọ́ ọn lọ́wọ́, ó fi ìgúnpá gbá mi dànù. Lẹ́yìn náà ni ọmọ dákẹ́.

Ó ní, "Ṣó o ti rí i? Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Ọmọ ò sunkún, kò wo nǹkan kan. Ó sùn títí tó fi ṣú. Mo ń fi etí sí imú ẹ̀. Ó ti jí báyìí o, ó ti mu wàrà, àmọ́ àpá ìka wà lápá ẹ̀ òkè, ó ti di dúdú.

Tọkọtaya àgbà kan ń bá wa rin ọ̀nà kan náà, wọ́n ń wo ewé nínú mọ́tò-ilé tiwọn. Dot Haskell lorúkọ ìyàwó, ẹnu ẹ̀ kì í sinmi. Ó bi mí nídìí omi pé, "Ọmọ yìí, ṣé ọkọ ẹ ló ń dún lánàá àbí wọ́n tún ti gbé ogun dìde?" Mo ní orin ló ń kọ. Ó wò mí, ó ní, "Kí ó yáa má kọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Màmá, kì í ṣe pé mo fẹ́ wá kí yín mọ́. Mo fẹ́ sá wá ni. Ẹ jẹ́ kí n sùn sí ilé adìẹ. Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ tí ẹ ò bá gbọ́dọ̀ bá mi sọ ọ́. Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá ẹ̀ ń gbé, àbí? Mo ti ṣípá o.

A máa kúrò níbí ní Fúráìdè. Ẹ tètè dá mi lóhùn.

Suvilla.


Pequea,
Ọjọ́ keje, oṣù kẹwàá.

Suvilla,

Mo kí ọ ní orúkọ Olúwa. Ìwé rẹ dé ní àná. Mo kà á, mo gbé e sílẹ̀, mo lọ fún wàrà, mo padà wá tún un kà.

Ohun tí o kọ le. Ṣùgbọ́n ìwọ lo yàn án. Mo sọ fún ọ ní ẹ̀yìn àká, mo di ọwọ́ rẹ mú, o já ọwọ́ rẹ gbà. Àwa kì í kọ ọkọ sílẹ̀. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ le a máa fi sùúrù tutù ú. Sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ fún un. Fún ọmọ ní oúnjẹ kí ebi tó pa á, kí ó má bàa ké. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni ariwo ọmọ máa ń sú ní ọdún àkọ́kọ́.

Ọ̀la ni ìpàdé tí a ti ń bi olúkúlùkù bóyá ó wà ní àlàáfíà pẹ̀lú ìjọ. Kí ni kí n dáhùn bí o bá wà nínú ilé adìẹ mi? Lydiann ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Má fi ọwọ́ ara rẹ da ti àbúrò rẹ rú.

Mò ń gbàdúrà fún ọ.

Ìyá rẹ.


Strasburg,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá.

Màmá,

Mo lọ sí pósí-ọ́fíìsì Gettysburg títí di àárọ̀ Fúráìdè. Ọkùnrin ibẹ̀ ní, "Madam, kò sí nǹkan kan." A sì kúrò. Mo ní bóyá ojú ọ̀nà ni ìwé yín wà. Lónìí mo ti mọ ìdáhùn yín.

Ẹ rí wa. Ẹ má sọ pé ẹ ò rí wa. Wade dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà wa gan-an. Ẹ ń sá aṣọ. Ó yọ kámẹ́rà, ẹ kọ̀yìn sí i. Ìyẹn ò dùn mí, ta ni ò mọ̀ pé a kì í jẹ́ kí wọ́n ya wa? Ṣùgbọ́n ó gbé kámẹ́rà sílẹ̀, Màmá. Ó jẹ àpò gúgúrú kan tán. Mo gbé Delia sójú fèrèsé, mo di ọwọ́ ẹ̀ mú, mo ń fì í sí yín. Ẹ ti sá aṣọ tán, apẹ̀rẹ̀ ti ṣófo, ẹ ṣì dúró tẹ́ ẹ kọjú sí ògiri.

Wade ní, "Ìyá ẹ nìyẹn? Ẹ̀yìn nìkan ló ní ni?"

Mo gbé Delia kúrò lójú fèrèsé. Ó ní, "O ti wá rí i. Èmi nìkan lo ní láyé."

Ó bà mí lẹ́rù ju ọjọ́ àgbá ogun yẹn lọ, torí ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́.

Ọgbà kan lẹ́bàá Strasburg la wà. Ó lóun fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé, ẹ kọ ọ́ sí pósí-ọ́fíìsì ibẹ̀. Tí ẹ ò bá fẹ́, ẹ má kọ ọ́.

Suvilla.


Pequea,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹwàá, ọjọ́ ààwẹ̀.

Suvilla ọmọ mi,

A kò dáná lónìí. Ilé dákẹ́. Mo jókòó ti ìwé rẹ.

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tí o rí nínú àgbàlá, ti Díákónì Aquilla ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ìdáná lẹ́yìn mi, ó ń wò mí. Ó ní, "Fronie, ṣé o mọ àwọn tó wà nínú mọ́tò yẹn?" Mo ní, "Mo mọ̀ wọ́n." Ó ní, "Kí ni o fẹ́ ṣe?" Mo ní, "Aṣọ ni mò ń sá." Ó dúró títí ẹ fi lọ. Bí mo bá yíjú, ẹsẹ̀ mi á tẹ̀ lé ojú mi. Mo mọ ara mi.

Ṣùgbọ́n mo rí ọmọ náà kí n tó kọ̀yìn. Mo rí bí orí rẹ̀ ṣe ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ìwé tí mo kọ sí Gettysburg bá bá ọ, má kà á.

Gbọ́. Ọmọ náà kò tíì ṣèrìbọmi, ìjọ kò yọ ọ́, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ kò kàn án. N kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n o mọ tábìlì tí a ń to elégédé sí lẹ́bàá ọ̀nà, tí àwọn ará ìta ti ń rà á. Gbé ọmọ náà sórí rẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé, kí o sì sún sẹ́yìn. N óò wá mú un níbẹ̀. Sọ fún ọkọ rẹ pé ìyá rẹ fẹ́ rí ọmọ-ọmọ rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Kì í ṣe irọ́.

Ìwọ, padà bá ọkọ rẹ títí Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa á fi kọjá. Èyí ni ibi tí ọwọ́ mi gùn dé.

Ìyá rẹ.


Lancaster,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá.

Màmá mi,

Ẹ ṣé. Ẹ ṣé o. Mo fi ẹ̀rù kọ èyí, àmọ́ ara mi fúyẹ́ díẹ̀.

Ó yà mí lẹ́nu bí Wade ṣe gbà kíákíá. Ó ní, "Ọjọ́ mélòó?" Mo ní, "Títí di Wẹ́sìdeè." Ó ní, "Ó dáa, èmi náà á rí oorun sùn. Àmọ́ ìwọ ò ní dúró tì í o. Wọn ò tiẹ̀ fẹ́ ẹ." Òun fúnra ẹ̀ ló gbé wa débẹ̀. Ó jókòó sídìí ọkọ̀, ó ń wò mí nínú dígí.

Nígbà tí mo gbé e sílẹ̀ láàárín elégédé, ó di kọ́là mi mú. Mo ní láti bọ́ ìka ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ rí mi. Nígbà tẹ́ ẹ gbé e, tẹ́ ẹ fi èdè wa bá a sọ̀rọ̀, ó wo ẹnu yín, ó rẹ́rìn-ín. Kò gbọ́ èdè yẹn rí. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wo èmi náà. Ó dáa, mo rí i pé ẹ wò mí díẹ̀.

Mi ò ṣe bẹ́ ẹ ṣe ní kí n ṣe, Màmá. Wade mu bíà lọ́sàn-án, ó sùn lọ láìti ilẹ̀kùn. Mo lọ bá Dot Haskell, inú ọgbà kan náà ni mọ́tò-ilé tiwọn wà. Mi ò tíì la ẹnu tó fi ní, "Mo ti ń retí ẹ láti Gettysburg. Wọlé. Harold, pa tẹlifíṣọ̀n yẹn, kó o máa wakọ̀." Ọkọ ẹ̀ ní, "Níbo?" Ó ní, "Ìlú. Má bi mí ní ìbéèrè, ìgbà wo lo ti ń bi mí?" Mo dùbúlẹ̀ sáàárín àga wọn títí a fi kúrò lọ́gbà. Àwọn fẹ́ máa lọ sí gúúsù lọ́la.

Ilé kan ni wọ́n gbé mi wá, níbi tí àwọn obìnrin tó sá kúrò lọ́dọ̀ ọkọ máa ń wà. Wọ́n ní n ò gbọ́dọ̀ wá sílé yín báyìí, torí ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wá mi sí. Lọ́jọ́ Túsìdeè wọ́n á mú mi lọ bá adájọ́, á kọ̀wé tí Wade ò fi ní lè súnmọ́ wa, lẹ́yìn náà màá wá mú Delia.

Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ yín: ẹ má gbé e fún un. Tó bá wá, ẹ má jáde. Ẹ gbé ọmọ wọ inú yàrá òkè, kẹ́ ẹ jókòó síbẹ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ purọ́, ẹ ṣáà má dáhùn. Mo pe fóònù inú ilé pákó ìdí ọ̀nà tí gbogbo àdúgbò yín jọ ń lò yẹn, ó dún dún dún, kò sẹ́ni tó wà nítòsí. Ó di dandan kí n kọ ọ́. Ọ̀la Sọ́ńdè ló ń dùn mí, wọn ò ní pín lẹ́tà.

Ó fẹ́ràn ẹ̀fọ́ àti ànàmọ́ tí wọ́n gún pọ̀. Ẹ má fún un ní ẹyin.

Suvilla.


Pequea,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹwàá.

Suvilla,

Mo kí ọ ní orúkọ Olúwa. Ìwé rẹ dé ní ọ̀sán òní. Ọkọ rẹ sì ti wá ní àárọ̀ àná.

N óò sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó kan ilẹ̀kùn. Ó ti fá irùngbọ̀n rẹ̀, ó bọ́ fìlà rẹ̀ dání. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ni mo wá mú." Omi wà lójú rẹ̀. Mo bi í pé, "Suvilla dà?" Ó ní, "Ó ti fi wá sílẹ̀, èmi àti ọmọ." Lydiann fà mí láṣọ, ó ní, "Màmá, ẹ sọ fún un pé ó ń sùn." Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti jí, ó ń lu ṣíbí mọ́lẹ̀, a ń gbọ́ ọ. Lydiann ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbé e gba ẹ̀yìn sá." Mo ní, "Sá fún ta? Bàbá rẹ̀ ni."

Suvilla, a tọ́ mi pé ẹni tó bá bèèrè, kí n fi fún un. Ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀wù, kí n fi agbádá kún un. A kì í jà, a kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn. Láti kékeré ni mo ti ń ṣe é, n kò mọ ọ̀nà mìíràn. Ọwọ́ mi ti gbé ọmọ náà fún un kí ọkàn mi tó sọ̀rọ̀. Mo fi kúbùsù tí mo rán wé e. Mo tún fún un ní ápù sísè inú ìgò. Ó ní, "Ọlọ́run á bù kún yín." Ọmọ náà ń wo ẹ̀yìn títí wọ́n fi wọlé sínú mọ́tò.

Nígbà tí mo wẹ̀ ẹ́ ní Sátidé, mo rí apá rẹ̀.

Kọ̀wé sí mi.

Ìyá rẹ.


Lancaster,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá.

Màmá,

Ẹ rí apá ẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ fọ apá ẹ̀. Ẹ sì gbé e fún un.

A lọ sí ọgbà Strasburg pẹ̀lú ọlọ́pàá. Ibi tí mọ́tò wà, koríko tó ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ ló kù. Ọlọ́pàá ní bàbá kì í jí ọmọ ara ẹ̀, kí n mú ìwé ìbí ọmọ wá. Wade ló ni ìwé ìbí, Wade ló ni gbogbo ìwé. Adájọ́ ní kí n padà wá ní oṣù kìíní. Mo ní, "Sà, á ti mì í pa kó tó di oṣù kìíní." Ó ní ṣé mo ní ẹlẹ́rìí tó rí i lára ọmọ. Mo ní ìyá mi rí i. Ó ní kẹ́ ẹ wá sọ ọ́. Wọ́n ní ẹ ò ní láti búra, kẹ́ ẹ ṣáà sọ pé òótọ́ ni.

Ẹ máa wá? Ẹ kọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ má kọ nǹkan míì.


Pequea,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹwàá.

Suvilla ọmọ mi,

Mo kí ọ ní orúkọ Olúwa. O ní kí n kọ ọ̀rọ̀ kan, n kò lè ṣe é.

Mo lọ bá Díákónì Aquilla. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí tábìlì elégédé títí dé apá ọmọ. Ó sunkún. Ó ní a kì í lọ sí kóòtù láti bá ènìyàn jà, pàápàá bàbá ọmọ. Ó ní kí n dárí ji ọkùnrin náà. Mo ti dárí jì í. Nípa ti tábìlì, mo jẹ́wọ́ níwájú ìjọ, wọ́n sì dárí jì mí. A jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ní ọjọ́ Ìsinmi, a wẹ ẹsẹ̀ ara wa. Wọ́n ti kéde Lydiann àti Gideon. Lydiann kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí ọmọ ti lọ. Ó ń bẹ́ sẹ́lẹ́rì, ó kọ̀yìn sí mi.

Bẹ́ẹ̀ kọ́, Suvilla. Ó ti di kíkọ.

Ọkọ rẹ fi káàdì ránṣẹ́ sí mi. Àwòrán òkè tó ní ewé pupa ni. Ó dúpẹ́ fún kúbùsù àti ápù. Ó ní ara ọmọ yá, pé ọ̀dọ̀ ìyá òun ni àwọn wà. Ó ní láàárín gbogbo ìdílé yìí èmi nìkan ni mo mọ ìwà hù. Kò sí orúkọ ìlú, nọ́ńbà àpótí lẹ́tà nìkan ló kọ síbẹ̀, àti pé bí mo bá fẹ́ mọ bí ọmọ ṣe ń ṣe, kí n kọ̀wé. Ó ní kí n má jẹ́ kí o mọ̀. N kò ṣèlérí ìyẹn fún un.

N kò lè sùn. Dárí jì mí.

Ìyá rẹ.


Lancaster,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹwàá.

Màmá,

Ìwé yín dé. Àwọn obìnrin ibí ní kí n má dá yín lóhùn mọ́. Ọ̀kan ní, "Irú ìyá wo nìyẹn?" Mo gbé ohùn sókè sí i. Mi ò mọ ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo ti ríṣẹ́. Mò ń tún yàrá ṣe ní ilé ìtura kan tí àwọn tó wá wo ẹ̀yin ará wa máa ń sùn sí. Wọ́n máa ń bi mí pé, "Níbo la ti lè rí àwọn Amish?" Mo ń júwe ọ̀nà fún wọn.

Ẹ gbọ́. Wade ò mú mi dé ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀ rí, mi ò mọ ìlú tó ń gbé. Kò sẹ́ni tí Wade máa dá lóhùn láyé yìí àfi ẹ̀yin, torí pé ẹ gbé e fún un. Mi ò ní kẹ́ ẹ jà. Mi ò ní kẹ́ ẹ wá sí kóòtù mọ́. Lẹ́tà ni kẹ́ ẹ kọ, kò sẹ́ni tó kà á léèwọ̀ fún yín. Ẹ kọ ọ́ sí nọ́ńbà àpótí yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ kí i dáadáa. Ẹ bi í bóyá ó ti ń rìn. Ẹ bi í bóyá orí ẹ̀ ti dúró ṣinṣin, bóyá ó ń jẹun, bóyá ó ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá bá a sọ̀rọ̀. Ẹ bi í bí ojú ọjọ́ ṣe rí lọ́dọ̀ wọn, bóyá òtútù ti dé, irú igi wo ló wà níwájú ilé. Ẹ bi í bí arúgbó tó ń wá ọ̀rọ̀ sọ. Tó bá fi káàdì mìíràn ránṣẹ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú sítáǹbù ara ẹ̀ bó ṣe wà. Àti ti àkọ́kọ́ yẹn náà. Ìlú tí wọ́n ti fi òǹtẹ̀ lù ú wà lára sítáǹbù, ẹ̀yin ò kàn wò ó ni; orúkọ ìlú yẹn ni kẹ́ ẹ kọ tẹ̀ lé nọ́ńbà àpótí.

Ẹ má dárúkọ mi sí i. Ẹ má bá a jà. Ẹ ṣe é bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ ní kí n dárí jì yín. Ẹ dárí ji Wade láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹ dáa jù mí lọ. Èmi ò tíì lè ṣe é. Ẹ gbé ìwé yìí sílẹ̀ báyìí, kẹ́ ẹ kọ ti Wade. Apínlẹ́tà ò tíì kọjá.

Suvilla.